Ta Ni Ó Ni Kọ́kọ́rọ́ Iṣẹ́ Olórin? Àyẹ̀wò Ìtàn Ìpààrọ̀ Ètò Ìgbohùnsílẹ̀ Inú Ilé, 1979 sí 2019

1. ÌFÁÁRÀ

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìrírí àwọn olórin tí ń gba orin ara wọn sílẹ̀ nínú ilé, pàápàá jù lọ ohun tí ojú wọn rí ní ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ètò tí a ń sọ níhìn-ín ni èyí tí olórin fi ń gba ohùn, tí ó fi ń gé e, tí ó fi ń tò ó, tí ó sì fi ń pa á pọ̀ di odidi orin. Ètò ìgbohùnsílẹ̀ ni a ó máa pè é nínú iṣẹ́ yìí.

Bí ènìyàn bá gbọ́ ìtàn yìí láti ẹnu àwọn tí ń ta ètò wọ̀nyí, ìlọsíwájú nìkan ni yóò bá pàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kò sọ pé irọ́ ni. Èrò tiwa ni pé ìdajì ìtàn ni. Ìdajì kejì ni pé bí agbára ètò ìgbohùnsílẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ lórí ṣíṣí iṣẹ́ àtijọ́ ń kúrò ní ọwọ́ olórin, tí ó ń bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ètò àti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni a ó fi ti èrò yìí lẹ́yìn: Opcode, Emagic àti Cakewalk. Kí á tó dé orí wọn, ó yẹ kí á mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí kí kọ̀ǹpútà tó dé.

2. LÁTI ORÍ TÉÈPÙ DÉ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ní ọdún 1979 ni ilé-iṣẹ́ TEAC ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ Portastudio 144 jáde lábẹ́ orúkọ Tascam. Ẹ̀rọ kékeré yìí lè gba ohùn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982, Bruce Springsteen lo irú rẹ̀ nínú ilé tí ó ń gbé ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà. Ohùn orí kásẹ́ẹ̀tì náà gan-an ni a fi ṣe àwo Nebraska, tí ó jáde ní ọdún kan náà. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé iṣẹ́ inú yàrá lè dé ọjà.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí nípa téèpù: ohùn fúnra rẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ bá tilẹ̀ kógbá wọlé, ẹni tí ó bá rí ọ̀kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀. Téèpù a máa gbó, a sì máa já, ṣùgbọ́n kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1983 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ohun èlò orin fi MIDI lélẹ̀, èyí tí í ṣe èdè àjùmọ̀lò tí dùùrù oníná kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀. Ní 1985 kọ̀ǹpútà Atari ST dé, pẹ̀lú ojú ihò MIDI lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Jámánì, ilé-iṣẹ́ C-Lab ṣe ètò Creator fún un, Steinberg sì gbé Cubase jáde ní 1989. Ní àkókò yìí, ètò náà kì í gba ohùn. Ìtọ́ni ni ó ń gbà: àmì ohùn tí a tẹ̀, ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ àti bí a ti tẹ̀ ẹ́ le tó. Ní 1988 ni a sì ti fi ẹnu kò lórí irú fáìlì MIDI kan tí ètò gbogbo lè kà. Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà bá a níwájú.

3. ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀DÀ TUNTUN

Kò yẹ kí á fi ojú kéré èrè tí àwọn olórin rí. Ní 1990, Studio Vision ti ilé-iṣẹ́ Opcode kó ìtọ́ni MIDI àti ohùn gidi pọ̀ sójú kan náà, tí akọrin lè rí ohùn ẹnu rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù. Ní 1996, Cubase VST mú kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, bíi fífi gbohùngbohùn sí ohùn tàbí dídín ariwo rẹ̀ kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò àfikún tí a lè so mọ́ ọn. Ohun tí ó kún yàrá kan tẹ́lẹ̀ wá di ohun orí tábìlì.

Ibi tí èrè yìí ti wá ni ìṣòro náà ti wá. Fáìlì tí ètò ìgbohùnsílẹ̀ ń fi pamọ́ kì í ṣe orin. Àkọsílẹ̀ ìtọ́ni ni: ohùn wo ni yóò bẹ̀rẹ̀, níbo ni a ti gé e, báwo ni ó ti gbọdọ̀ ròkè tó, ètò àfikún wo ni yóò gbà kọjá. Ètò tí ó kọ ìtọ́ni náà nìkan ni ó gbọ́ èdè rẹ̀ tán. Nítorí náà, bí ètò bá kú, fáìlì a dà bí ìwé tí ẹni kan ṣoṣo lè kà, tí ẹni náà sì ti lọ.

4. ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

4.1 Opcode. Dave Oppenheim ni ó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní California ní 1985. Gibson, ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ jìtá, rà á ní 1998. Ní 1999 iṣẹ́ lórí àwọn ètò rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn tí ó ní Studio Vision kò pàdánù rẹ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn ń tì. Apple gbé Mac OS X jáde ní 2001, kò sì sí ẹni tí yóò tún Studio Vision ṣe kí ó bá a mu. Kọ̀ǹpútà Mac tí ó ń lo Intel, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kò gba ètò ayé àtijọ́ mọ́ rárá, ẹ̀dà 10.5 ti ọdún 2007 sì mú àyè tí a fi sílẹ̀ fún irú ètò bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá. Olórin tí ó fẹ́ ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1995 gbọ́dọ̀ máa tọ́jú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bí ẹní ń tọ́jú arúgbó.

4.2 Emagic. Àwọn tí ó ṣe Creator ni ó wá dá Emagic sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe Logic. Ètò yìí ń ṣiṣẹ́ lórí Mac àti Windows. Ní oṣù keje ọdún 2002, Apple kéde pé òun ti ra ilé-iṣẹ́ náà, pé títà Logic fún Windows yóò sì dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún olórin tí ó wà lórí Windows: kí ó ra kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó dúró sójú kan pẹ̀lú ẹ̀dà tí ó ní lọ́wọ́, tàbí kí ó lọ kọ́ ètò mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó tilẹ̀ ra Mac kò bọ́ tán, nítorí àwọn ètò àfikún tí a ṣe fún Windows kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí Opcode, ètò tí a ń wí yìí kò kú. Ó gbèrú sí i. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ti sanwó fún un ni a yọ kúrò.

4.3 Cakewalk. Greg Hendershott ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní Amẹ́ríkà ní 1987. Sonar ni a wá mọ̀ ọ́n sí láti 2001. Gibson kan náà tí ó ra Opcode ni ó ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2013. Ní 2016 a ṣèlérí fún àwọn tí ó ra Sonar Platinum pé ẹ̀dà tuntun yóò máa jẹ́ ọ̀fẹ́ fún wọn títí láé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Gibson kéde pé iṣẹ́ lórí ètò náà ti dáwọ́ dúró. Títí láé kò pé ọdún méjì. Ní oṣù kejì ọdún 2018, BandLab ti Singapore ra ohun tí ó kù, ó sì ń fi ètò náà fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Fáìlì àtijọ́ tún ṣí. Ayọ̀ ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n kò yí èrò wa padà: kì í ṣe olórin ni ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí ó ní owó ni ó ṣàánú rẹ̀.

Ìgbẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba: ọ̀kan kú, ọ̀kan ṣí lọ, ọ̀kan jíǹde. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé a kò bi olórin léèrè nínú ọ̀kankan wọn. Ilé-iṣẹ́ kò tilẹ̀ ní láti kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 2019, ẹ̀dà Mac tí a ń pè ní Catalina kọ gbogbo ètò oní-bíìtì 32 sílẹ̀; ètò àfikún tí ó jẹ́ irú èyí dákẹ́ ní ọjọ́ kan náà tí olórin gba ẹ̀dà tuntun wọlé. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹni. Bí kò fún ni lápá, a máa ṣo ni lẹ́sẹ̀. Owó ni olórin fi ra ètò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù àgbàwọ̀ ni ó rí lára rẹ̀.

5. ỌGBỌ́N TÍ ÀWỌN OLÓRIN DÁ

Ọgbọ́n kìíní ni kí á má ṣí kúrò. Norman Cook, tí ayé mọ̀ sí Fatboy Slim, fi Atari ST àti Creator ṣe àwo tí ó gbé jáde ní 1998, nígbà tí Atari ti kúrò lọ́jà. Àwo náà tà púpọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà náà nínú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ẹ̀dà tuntun àti orin tí ó dára kì í ṣe ohun kan náà.

Ọgbọ́n kejì ni kí á yan ilé-iṣẹ́ tí ìlérí rẹ̀ ti pẹ́. FL Studio, tí Image-Line ti ilẹ̀ Belgium bẹ̀rẹ̀ ní 1997 lábẹ́ orúkọ FruityLoops, ń fún ẹni tí ó rà á ní ẹ̀dà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí ń ṣe orin ní Èkó mọ ètò yìí bí ẹní mọ owó. Síbẹ̀, ìlérí ni ìlérí ń jẹ́, bí ìtàn Cakewalk ti fi hàn.

Ọgbọ́n kẹta ni ó lágbára jù lójú tiwa. Òun ni pé kí olórin yọ ohùn kọ̀ọ̀kan nínú orin jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì WAV, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà, kí ó sì fi ìtọ́ni pamọ́ sínú fáìlì MIDI tí a fi ẹnu kò lé lórí ní 1988. Ètò yòówù lè kà wọ́n. Olórin yóò pàdánù ibi tí ó ti gé ohùn àti ọ̀nà tí ó fi pò wọ́n, ṣùgbọ́n ohùn fúnra rẹ̀ yóò wà. Bí a bá wò ó dáadáa, ìpadàsẹ́yìn sí ìwà téèpù ni èyí.

6. ÌKÁDÌÍ

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìpààrọ̀ ètò ìgbohùnsílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó tàbí ti ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni. Ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi ẹnu kò lórí èdè kan, bí wọ́n ti ṣe ní 1983 àti 1988, iṣẹ́ olórin wà láàyè. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ti dá èdè tirẹ̀ pamọ́, iṣẹ́ náà ń bá ilé-iṣẹ́ kú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀ka wa gbọ̀ngbọ̀n. Àwo àti kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi kọ ìtàn jùjú, àpàlà àti fújì. Inú yàrá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin Yorùbá ti ń jáde báyìí, láti inú fáìlì irú èyí tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò kọ ìtàn wọn ní ogójì ọdún sí i yóò fẹ́ mọ ìlù tí a kọ́kọ́ lù, ẹsẹ tí a gé kúrò, ohùn tí a fi pamọ́ sábẹ́ òmíràn. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí àwọn tí ń kó orin jọ sí ilé ìkówèésí àti ibi ìkóhun-ìtàn-pamọ́sí má ṣe gba orin tí a ti pò tán nìkan lọ́wọ́ olórin. Kí wọ́n béèrè ohùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ètò tí ó lè ṣí i ṣì wà láàyè.