Họ́sítẹ́ẹ̀lì Ilé-Ìwé àti Àwọn Ọ̀nà Ìgbé Mìíràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé-ìwé ni ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé nínú ọgbà ilé-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń sùn, ibẹ̀ ló ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ti ń kàwé lálẹ́ lábẹ́ ojú àwọn tí ilé-ìwé yàn. Bọ́ọ̀dìn ni ọ̀pọ̀ òbí ní Èkó ń pe irú ìgbé bẹ́ẹ̀. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ló wà níwájú òbí tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ ilé-ìwé gírámà: kí ọmọ máa ti ilé lọ lójoojúmọ́, kí ó wà ní bọ́ọ̀dìn títí sáà yóò fi parí, kí ó wà ní bọ́ọ̀dìn láàárín ọ̀sẹ̀ kí ó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀, tàbí kí ó máa gbé lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ilé-ìwé. Owó wọn kò dọ́gba, ìwà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ kò sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n ohun kan ló ń sọ èyí tó dára nínú wọn: àgbàlagbà tó wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kí ilé-ìwé òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń fi ọmọ sílé ẹlòmíràn kí ó lè kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ọmọ tó ń kọ́ kéwú a sì máa sùn nílé àfáà. Ọ̀gá àti ìyàwó ọ̀gá ni òbí rẹ̀ títí yóò fi gba òmìnira.

Nígbà tí ilé-ìwé gírámà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, CMS Grammar School, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859, akẹ́kọ̀ọ́ 6 péré ló ní, gbogbo wọn ló sì ń gbé inú ọgbà. Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther, ni olùdarí rẹ̀, ilé kékeré kan ní Broad Street tí wọ́n ń pè ní Cotton House sì ni wọ́n ń lò. Nítorí náà, bọ́ọ̀dìn kò dé lẹ́yìn ilé-ìwé gírámà ní ilẹ̀ wa. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìjọba amúnisìn dá King's College sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1909, Queen's College tẹ̀ lé e ní 1927, Government College Ìbàdàn sì dé ní 1929. Àwọn ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì para pọ̀ dá Igbóbì College sílẹ̀ ní Yábàá ní 1932. Àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí ló mú ètò pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé-ilé láti Bìrìtìkó wá. Ní Government College Ìbàdàn, ọmọ kan lè jẹ́ ti Grier, ti Swanston, ti Field, ti Carr tàbí ti Powell, orúkọ ilé yẹn a sì bá a lọ títí di ọjọ́ ogbó. Ní Igbóbì, wọ́n fi orúkọ Aggrey, olùkọ́ ọmọ Gold Coast tó lókìkí ní ilé-ìwé Achimota, sọ ilé kan.

Tai Solarin àti aya rẹ̀ Sheila gba ọ̀nà mìíràn nígbà tí wọ́n dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Níbẹ̀, ọmọ tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ ọkọ́ lò, kí ó sì mọ bí oúnjẹ ṣe ń ti inú ilẹ̀ dé orí tábìlì. Solarin gbà pé ọmọ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ kò tíì kàwé tán.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Òṣòdì-Ìsọlọ̀ jẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí: ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 621,509 níbẹ̀. Òṣòdì, Máfòlúkù, Ṣógunlẹ̀, Ìsọlọ̀, Òkòtà, Àjàò, Ìlasàmàjà àti Ẹ̀jìgbò wà lára àdúgbò rẹ̀. Ilé lé ilé, ilẹ̀ kò gbòòrò. Agége Motor Road àti títì márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá pàdé ní Òṣòdì, òbí tó bá sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lè jáde kí àkùkọ tó kọ, kí ó má sì wọlé títí ọmọ yóò fi sùn. Ọ̀pọ̀ òbí kò wá bọ́ọ̀dìn nítorí iyì. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò rí i pé ọmọ jẹun, pé ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, pé kò sí ní gáréèjì lẹ́yìn aago mẹ́rin.

Ilé-ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò kò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì fún wọn, èyí sì ní ìtàn tirẹ̀. Kí ọdún 1979 tó dé, ilé-ìwé kò tó ní Èkó débi pé àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Nígbà tí Gómìnà Lateef Jakande gorí àlééfà lọ́dún náà, ó fòpin sí ètò àárọ̀-ọ̀sán yìí, ó sì kọ́ yàrá ìkàwé rẹpẹtẹ káàkiri ìpínlẹ̀ kí gbogbo ọmọ lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ nítòsí ilé wọn. Yàrá ìkàwé ni owó lọ sí, kì í ṣe ibùsùn. Ghana ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn: nígbà tí wọ́n sọ ilé-ìwé gírámà àgbà di ọ̀fẹ́ ní 2017, wọ́n fi oúnjẹ àti ibùgbé àwọn ọmọ bọ́ọ̀dìn kún un. Ibùsùn kò tó mọ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2018 tí àwọn kan fi ń wà nílé nígbà tí àwọn yòókù wà lọ́gbà.

Oríṣi ibùgbé tó wà

Ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀. King's College, Queen's College àti Federal Government College tó wà ní Ìjanikin, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ni òbí Òṣòdì-Ìsọlọ̀ mọ̀ jù. Ọdún 1966 ni ètò ilé-ìwé ìṣọ̀kan tí wọ́n wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Sokoto, Warri àti Okposi, kí ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá àti ti ẹ̀yà yòókù lè sùn nínú yàrá kan náà. Àǹfààní yìí kò sí nínú ilé-ìwé àdúgbò kankan. Ìṣòro ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ ni pé èrò pọ̀ ju ilé lọ.

Ilé-ìwé àwòṣe ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún 1988 ni ìjọba dá márùn-ún sílẹ̀: Kankọ̀n, Mẹ́iran, Igbókùta, Badore àti Igbóńlá. Ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ ibẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti aládàáni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, nítorí náà ọmọ tó bá wọ ibẹ̀ ti kúrò ní ìtòsí ilé.

Ilé-ìwé àwọn ológun. Èyí tó wà ní Òṣòdì, Command Day Secondary School, jẹ́ ti àwọn tó ń ti ilé wá. Òbí tó bá fẹ́ bọ́ọ̀dìn lábẹ́ ológun a máa wo Command Secondary School ní Ìpájà. Ètò àkókò wọn le, ìjáde àti ìwọlé kì í sì í ṣe eré.

Ilé-ìwé aládàáni àti ti ìjọ. Ìwọ̀nyí ló yàtọ̀ síra jù. Àwọn kan wà nínú ọgbà ńlá lẹ́yìn odi ìlú, bíi Atlantic Hall ní Pòkà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ àti Corona ní Àgbárá. Láàárín ìlú tí ilẹ̀ ti wọ́n, àwọn mìíràn sọ òkè ilé-ìwé di yàrá ibùsùn, tàbí kí wọ́n háyà ilé kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Lọ́dọ̀ wọn ni òbí ti sábà ń rí bọ́ọ̀dìn ọlọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀.

Ilé kéwú. Markaz tí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó sì kó wá sí Agége ní 1955, ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ ti Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè mìíràn wá gbé ibẹ̀ láti kọ́ èdè Lárúbáwá àti ẹ̀sìn.

Ọ̀dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tí ilé rẹ̀ súnmọ́ ilé-ìwé a máa gba ọmọ. Kò sí owó sáà níbẹ̀, ọmọ sì wà láàárín ẹbí. Ohun tó yẹ kí òbí ṣọ́ ni iṣẹ́ ilé tàbí ọjà títà tó lè gba àkókò ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, torí ojú lè máa ti ọmọ láti sọ.

Ayé inú họ́sítẹ́ẹ̀lì

Agogo ló ń darí gbogbo nǹkan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ń jí: àdúrà, pípọn omi, ìwẹ̀, gbígbá ilẹ̀, títẹ́ ibùsùn fún ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ilé-ìwé ni oúnjẹ ọ̀sán àti oorun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eré ìdárayá, oúnjẹ alẹ́, àti ìwé kíkà tí gbogbo wọn ń pè ní prẹ́ẹ̀pù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná ń kú.

Ìwé ohun tí ilé-ìwé ní kí ọmọ kó wá máa ń gùn: fóòmù, àwọ̀n ẹ̀fọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbálẹ̀, àdá, àpótí onírin àti àgádágodo. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ kà sí pàtàkì ni pròfíṣọ̀n: gàrí, ṣúgà, mílíìkì, bísíkíìtì àti kúlíkúlí. Ẹni tó bá ní gàrí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn sáà kò lè ṣàìní ọ̀rẹ́. Ọjọ́ ìbẹ̀wò ni òbí ń gbé ìkòkò jọ̀lóòfù wá, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò wá wò lọ́jọ́ yẹn kì í sì í tètè gbàgbé.

Ipò ọjọ́ orí lágbára níbẹ̀. Ọmọ JSS 1 kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ SS 3 lórúkọ lásán. «Sẹ́níọ̀» ni yóò fi ṣáájú. Níbi tí nǹkan bá ti dára, àgbà yìí a máa ṣe skúùlù fádà tàbí skúùlù mọ́dà fún un: á kọ́ ọ ní ìṣirò, á gbèjà rẹ̀, á rí i pé ó mu oògùn rẹ̀. Níbi tí kò bá ti dára, àgbà kan náà ló ń rán an lọ pọn omi lóru, tó ń gba pròfíṣọ̀n rẹ̀, tó ń lù ú. Ohun tó ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ìwà àwọn ọmọ, nítorí ọmọ kan náà ni wọ́n. Ní ibi kìíní, mátírọ́nù tàbí ọ̀gá ilé ń rìn kiri yàrá lálẹ́. Ní ibi kejì, wọ́n ti fi alẹ́ lé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́wọ́.

Ìlera àti ààbò

Omi ni nǹkan àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀ ní Queen's College, Yábàá. Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò àrùn wà nínú omi ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló sì kú. Ilé-ìwé tó lókìkí jù fún ọmọbìnrin ní Nàìjíríà ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Orúkọ ilé-ìwé kò lè sọ omi di mímọ́.

Odi ni nǹkan kejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn ajínigbé kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé àwòṣe Igbóńlá, ó sì lé ní oṣù méjì kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Nígbà yẹn, orílẹ̀-èdè kò tíì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní họ́sítẹ́ẹ̀lì Chibok ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Láti ìgbà náà ni òbí Èkó ti ń béèrè bí odi ṣe ga tó àti ẹni tó ń ṣọ́nà.

Òfin wà. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 2007. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ń tọ́jú ọmọ ní ètò ààbò ọmọdé. Ọ́fíìsì tó ń ṣe àmójútó ojúlówó ẹ̀kọ́ ní Èkó ló ń yẹ ilé-ìwé wò, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ìjọba ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sì wà lábẹ́ Education District VI, pẹ̀lú Ìkẹjà àti Múṣin.

Owó

Àtiléwá ní ilé-ìwé ìjọba ló rọrùn jù, àyàfi owó ọkọ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, ìjọba gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san kúrò ní 45,000 náírà sí 100,000 náírà ní ọdún 2023, ariwo sì sọ láàárín òbí. Aládàáni ló wọ́n jù. Kí òbí fi owó fóòmù, aṣọ, pròfíṣọ̀n àti ọkọ̀ ọjọ́ ìbẹ̀wò kún un kó tó fi ọ̀kan wé èkejì.

Bí a ṣe lè yàn

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Bọ́ọ̀dìn tó dára ń mú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ, nítorí ọmọ ń bá ọmọ ẹlòmíràn dàgbà, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń mọ owó ṣọ́. Ọmọ àtiléwá ní ohun tirẹ̀: èdè ilé, ìtàn alẹ́, ojú ìyá tó tètè mọ̀ pé ara ọmọ kò yá. Ọmọ tó ṣì kéré, tó ní àìsàn tó nílò ìtọ́jú, tàbí tó ń bẹ̀rù, ilé ló yẹ kó wà bí ọ̀nà bá wà. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ṣófo láti àárọ̀ dé alẹ́ lè rí ìtọ́jú tó dára jù ní bọ́ọ̀dìn.

Kí òbí tó san owó, kí ó lọ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kun ún lọ́dà fún àlejò. Kí ó bẹ omi wò. Kí ó wo bóyá ilẹ̀kùn méjì wà tí ọmọ lè gbà jáde bí ìjàmbá iná bá ṣẹlẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ mátírọ́nù, iye ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ibi tí ó ń sùn. Ilé-ìwé tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn yìí kò tíì ṣe tán láti gba ọmọ ẹnikẹ́ni sùn, bó ti wù kí èsì ìdánwò rẹ̀ dára tó.