Ìgbafẹ́ Nínú Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Bí a bá dárúkọ ìsinmi létí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé òde òní, ohun tí ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni etíkun ilẹ̀ òyìnbó, pápá gọ́ọ̀fù tí koríko rẹ̀ tẹ́ bí ẹní láàárín igi, àti ọgbà àjàrà tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì nítòsí. Kò sí òkun ní Òkè-Ògùn. Ọkà bàbà ni àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pọn ọtí. Síbẹ̀, ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó lọ láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, títí kan ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ní ìtàn àlejò àti ìgbafẹ́ tirẹ̀, èyí tí ó ti wà lákọsílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá gọ́ọ̀fù ní Nàìjíríà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè. Àlejò náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi amọ̀ ìlú náà ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, pé àyíká rẹ̀ tó máìlì 15, pé ó ní ẹnubodè 10, àti pé igbó kìjikìji yí i ká. Igbó yìí kì í ṣe ti fàájì rárá. Ààbò ni, nítorí ẹṣin ọ̀tá kì í lè sáré láàárín igi dídí.

Ìkánjú ni Clapperton bá wá. Odò Ọya ni ó ń wá kiri. Ṣùgbọ́n Aláàfin kò tètè yọ̀ǹda rẹ̀, ó di ọjọ́ 7 oṣù kẹta kí ó tó kúrò. Bí a bá fẹ́, a lè pe èyí ní ìsinmi tí a fi ipá fún àlejò! Láàárín àkókò náà ni wọ́n ṣeré fún un. Àwọn eléré tí ó wọ inú àpò ń tàkìtì. Òjòlá kan yọ jáde láti inú àpò mìíràn. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó dùn jù: ẹnìkan fara ṣe òyìnbó, ó funfun báláú, ó rù kan eegun, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Ojú àlejò náà ni àwọn ará ìlú ń wò bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì bá wọn ṣe àwàdà náà. Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn lo ìròyìn yìí nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí eré alárìnjó.

Kò pé ọdún 12 lẹ́yìn èyí tí ìlú náà fi tú. Àtìbà gbé oyè lọ sí Àgọ́-Ọjà, igbó sì gba ààfin. Ìjọba ya igbó Òkè Odò Ògùn sọ́tọ̀ ní 1936, ó ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ ní 1941. Ní 1952 wọ́n di ibi ìpamọ́ ẹran ìgbẹ́. Ní 1991 ni a so méjèèjì pọ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2,512 níbùú lóròó.

Àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé kọ̀: ẹfọ̀n àti ìgalà rí ibi sá sí. Ṣùgbọ́n ẹran tí baba ọdẹ ń pa, tí ó sì fi ń sun ìjálá, di ohun tí ọmọ rẹ̀ lè torí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó fẹ́ rí ilé baba ńlá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ bí àlejò yòókù. Ó yẹ kí àwọn tí ó ṣòfin ti ronú lórí èyí ju bí wọ́n ti ṣe lọ.

Àwọn kan lè máa rò pé ilé ìtura ńlá àti pápá gọ́ọ̀fù ni yóò fa àlejò wá síbẹ̀. Kí a tó tẹ́ pápá, a ó kọ́kọ́ tú ilẹ̀. Nígbà tí Robert Soper àti Patrick Darling tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1980, wọ́n fi hàn pé odi Ọ̀yọ́-Ilé ju ẹyọ kan lọ. Àwọn odi náà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti wó di òkìtì lábẹ́ koríko, àfọ́kù ìkòkò sì fọ́n ká láàárín wọn.