Ta ni yóò bá ọ̀gá télọ̀ ru igbá?

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ìdí oúnjẹ ni òwe yìí ti wá: àgbàlagbà jẹun tán, kò ṣẹ́ nǹkan kù fún ọmọdé, ọmọdé náà sì yẹra nígbà tó kan igbá gbígbé. Ahun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òwe náà ń bá wí. Lójú tèmi, ó ń bá ẹlòmíràn tí kì í ṣe ahun wí pẹ̀lú, ìyẹn ẹni tó dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí kò sì lè kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìwó nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí Ìléyá dé. Láti ayé Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyè ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú yẹn, ọdún Ìléyá kì í sì í ṣe ọdún kékeré níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá á kó àǹkárá wá, àwọn ìyá á gbé léèsì wá, àwọn ọmọ Yunifásítì Bowen náà á fẹ́ rán ṣòkòtò. Èsì kan náà ni ọ̀gá ń fún gbogbo wọn: “Kò sí wàhálà, ẹ wá gbà á lọ́jọ́ àìsùn ọdún.” Ó gba ìdajì owó sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, owó ọ̀hún ti di òwú, ó ti di epo jẹnẹrétọ̀, ó ti di owó ilé ìwé ọmọ. Aṣọ tó yẹ kó kan télọ̀ òdìkejì títì ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Àjẹìwẹ̀yìn nìyẹn. Òru ni igbá ń bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo: oorun dá, orí ń fọ́, àyà ń já bí fóònù bá dún, ọmọṣẹ́ tí kò ṣẹ̀ ń gba ìfọ́tí.

N kò sọ pé ojúkòkòrò nìkan ló fà á o. Epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí 2023 ti ju 1,000 náírà lọ nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà 2024 fi máa pé. Ta ló máa rí èyí tí yóò lé oníbàárà? Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọjọ́ mẹ́fà ìsinmi pẹ̀lú owó lẹ́yìn ọdún kan, ó sì fún un ní ọjọ́ méjìlá nínú ọdún bí ara rẹ̀ kò bá yá. Àmọ́ àjọ tó ń ṣe ìṣirò ètò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà rí i ní ìdámẹ́rin kẹta ọdún 2023 pé 87.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ti ara wọn. Òfin yẹn kò kan wọn. Ọjọ́ tí ibà bá dá télọ̀ dùbúlẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́, owó náà sì dákẹ́.

Ohun tí irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ara kì í ṣe àsọdùn. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé e jáde pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Télọ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ àárọ̀, tó tì í láago mẹ́jọ alẹ́, láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, ti lo wákàtí 72 níbẹ̀. Ìyẹn nígbà tí kò tíì sí ọdún.

“Sinmi” tí à ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò wúlò bí kò bá sí ẹni tí yóò gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa tó ń dáko mọ èyí, wọ́n fi ń ṣe àáró: òní ní oko tèmi, ọ̀la ní oko tìrẹ. Ìyàtọ̀ wo ló wà nínú kí télọ̀ tí aṣọ kún ọwọ́ rẹ̀ gbé márùn-ún fún aládùúgbò, kí òun náà rí gbà nígbà tí ọjà bá dá? Ẹ̀rù pé oníbàárà á lọ pátápátá ló ń dá wọn dúró, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ aránṣọ jókòó ṣòfin lé lórí nìyẹn, dípò owó ìtanràn ìpàdé nìkan.

Ọ̀rọ̀ ọmọṣẹ́ ló dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan gígé aṣọ títí ìyọnda rẹ̀ fi kù sí dẹ̀dẹ̀, kó má baà tètè gbọ́n. Wọ́n fi ìmọ̀ pamọ́ bí ẹran inú ọbẹ̀, wọ́n wá ń dá gé aṣọ títí di òru nígbà tí ọmọ mẹ́ta ń tòògbé lórí àga.

Ti owó ńkọ́? Èésú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Ẹni tó ń dájọ lójoojúmọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ kan wà nílé lẹ́yìn ọdún láìjẹ gbèsè.

Ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ mú ọjọ́ kan ṣáájú Ìléyá tó ń bọ̀, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má gba aṣọ mọ́, ìbáà jẹ́ ti ìyàwó lèmọ́mù.