Iléèwé Girama Ta Ló Dára Jù ní Ifẹ̀?

Bí àwọn tó ti jáde níléèwé girama ní Ilé-Ifẹ̀ bá ti pàdé, àríyànjiyàn dé: iléèwé ta ló dára jù? Àwọn àgbà á ní ti ayé àwọn ni, pé ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀wé. Ká tó dá ẹjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká bi ìtàn léèrè.

Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá Oduduwa College sílẹ̀ lọ́dún 1932, ọdún méjì lẹ́yìn tó gorí ìtẹ́. Láyé ìgbà náà, òbí tó rówó san ló ń rán ọmọ lọ sí girama. Kódà nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ iléèwé alákọ́ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955, owó ṣì wà lórí girama.

Ọdún 1979 ni Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ifẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ìjọba rẹ̀ fagi lé owó iléèwé girama. Ọmọ ya wọlé, kíláàsì kún, tíṣà àti bẹ́ǹṣì kò tó.

Àwọn àgbà kò parọ́ nípa bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi èsì ìdánwò àwọn díẹ̀ tí wọ́n ṣà wé ti gbogbo ọmọ ìlú, kì í ṣe iléèwé ló fi wéra, ẹnu ọ̀nà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò bá má gba ẹnu ọ̀nà 1932 wọlé.

Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: kí ni ọmọ náà mọ̀ nígbà tó wọlé, kí sì ni iléèwé fi kún un?