Bè-Kpota: Oko Àwọn Ará Bè tó Di Ìgboro Lomé

Ẹni tó bá kúrò ní etíkun Lomé, olú ìlú Togo, tó dorí kọ àríwá, yanrìn ni yóò kọ́kọ́ máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ọ̀sà tó na gbalaja láàárín ìlú láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Tó bá ti ré ọ̀sà kọjá, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀, yanrìn á tán, erùpẹ̀ pupa á bẹ̀rẹ̀. Orí òkè pẹrẹsẹ yìí, níhà ìlà oòrùn, ni Bè-Kpota wà. Akodésséwa àti Anfamé jẹ́ aládùúgbò rẹ̀, pápákọ̀ òfuurufú Lomé wà lápá ìwọ̀ oòrùn lórí òkè kan náà. Bè fúnra rẹ̀, tí àdúgbò yìí ti gba orúkọ, wà ní ìsàlẹ̀ lódìkejì ọ̀sà, láàárín omi àti òkun.

Òjò ò pọ̀ ní agbègbè yìí bó ṣe pọ̀ nílùú Èkó. Láti apá Accra títí wọ gúúsù Benin, igbó kìjikìji tó bo etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, pápá ló gbapò rẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ ní Lomé lọ́dún kan kì í sábà tó 1,000 mìlímítà, nígbà tí ti Èkó máa ń ju 1,500 lọ dáadáa. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni àwọn ará Bè ń gbìn sórí erùpẹ̀ pupa náà, tí àgbọn sì gba orí yanrìn etíkun. Orí yanrìn ni wọ́n kọ́lé sí, òkè ni wọ́n ti ń jẹun. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí Bè-Kpota jẹ́ nìyẹn: oko.

Àwọn ará Bè jẹ́ Ewe, Notsé ni wọ́n sì sọ pé àwọn ti wá, ìlú olódi tí ọba Agokoli fi ọwọ́ líle ṣàkóso rẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi sá kúrò. Àwọn òpìtàn a máa fi ìsáǹsá yìí sí nǹkan bí ọ̀rúndún 17. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ewe tún tọ ipasẹ̀ wọn kọjá Notsé, ó gbé e dé Kétu, ìlú tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan tó ń jẹ́ Dzitri ló kọ́kọ́ tẹ̀dó sáàárín àwọn igi alo tí wọ́n ń gé ṣe orín, pé ibẹ̀ ló di Lomé. Bè tẹ̀ lé e, ibi ìsápamọ́ ni wọ́n sì fi ṣe. Wọ́n ní láyé ijọ́un, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yin ìbọn níbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ lùlù, wọn ò gbọdọ̀ pariwo, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n wà.

Òrìṣà tí wọ́n fi ara wọn sábẹ́ rẹ̀ ni Nyigblin. Igbó rẹ̀ ṣì wà ní Bè di òní, ilé yí i ká láti gbogbo ìhà, ẹni tí kò bá yẹ kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àwòrò àgbà tí wọ́n ń pè ní Aveto ló ń gbé ibẹ̀ ní ìpamọ́. Agbára rẹ̀ lórí ilẹ̀ ju ti ẹni tó ń rúbọ lásán lọ, nítorí pé láàárín àwọn ará Bè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ òrìṣà kì í jìnnà síra wọn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ lókè ọ̀sà. Àgbẹ̀ á dá abà sóko, ọmọ á bí ọmọ sí abà náà, abà á di abúlé, àmọ́ nígbà ọdún òrìṣà àti nígbà òkú, Bè ni gbogbo wọn ń padà sí.

Ó dára kí a gbé ètò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1785, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n wọn ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, máìlì 6 ní gígùn, 6 ní ìbú, kí wọ́n tún gé ìkọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà 36, kí wọ́n sì ya ìpín kẹrìndínlógún sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń pín in kiri láì bìkítà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀. Ní Bè, ènìyàn ló kọ́kọ́ wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ààlà dé: igi kan, ojú omi kan, sàréè bàbá ńlá kan. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn kò lè lóye ìjà ilẹ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ ní Bè-Kpota lónìí.

Nǹkan bí ọdún 1880 ni àwọn oníṣòwò wá pagọ̀ sí etíkun Lomé, torí kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ owó bodè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ní Gold Coast. Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1884, wọ́n sọ Lomé di olú ìlú ní 1897, nígbà tó sì di 1905, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láàárín Lomé àti Aného. Bè wà nítòsí gbogbo èyí síbẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Faransé gbapò Jámánì, òmìnira dé ní 27 oṣù kẹrin 1960, oko ṣì ni òkè ọ̀sà.

Èbúté ńlá ló yí i padà. Owó Jámánì ni wọ́n fi ràn án lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí i ní 1968, ní apá ìlà oòrùn ìlú gan-an, ní ìsàlẹ̀ Bè-Kpota. Àwọn tó ń ru ẹrù, àwọn awakọ̀ tírélà àti mẹkáníìkì ń wá ibi tí wọn yóò sùn, ìdílé onílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ewe wá láti Kpalimé àti Vogan, Kabyè àti Kotokoli wá láti àríwá, àwọn ará Benin wá, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago náà wá. Àwọn Yorùbá mọ ọ̀nà Lomé tipẹ́. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì ní Ghana ní oṣù kọkànlá 1969, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà gbà délé, àwọn kan ò sì délé mọ́. Ní Akodésséwa nítòsí, ọjà kan wà tí wọ́n ti ń ta orí ẹranko, awọ, egungun àti ewé fún àwọn oníṣègùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ wá láti Benin, kò sì sí babaláwo Yorùbá tí ọjà náà yóò ṣàjèjì sí.

Bè àti òkè rẹ̀ ti jìyà ìṣèlú ju ọ̀pọ̀ àdúgbò Lomé lọ, torí pé ibẹ̀ ni alátakò ìjọba Ààrẹ Eyadéma ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 11 oṣù kẹrin 1991, òkú tó ju ogún lọ ni wọ́n yọ nínú ọ̀sà Bè. Ní 1993, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn sí àwọn ará ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sá kúrò ní Lomé lọ sí Ghana àti Benin. Ní 2005, lẹ́yìn ikú Eyadéma àti ìdìbò tó tẹ̀ lé e, ìyà náà tún padà wá. Ikọ̀ Àjọ Àgbáyé ṣírò pé 400 sí 500 ènìyàn ló kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tó rí ọ̀sà yẹn ní 1991 ṣì wà láàyè, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn omi náà máa dárúkọ ọdún náà.

Omi tún ní ìyọnu mìíràn. Láti oṣù kẹrin sí ìkeje, òjò tí kò pọ̀ lọ́dún máa ń rọ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí koríko àti ẹ̀gẹ́ ti ń fa omi mu ti di sìmẹ́ńtì, àgbàrá á wá gba ojú pópó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀sà, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ọlọ́kadà zémídjan á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ìyá tó ń ta ayimolou, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀, á gbé ìkòkò rẹ̀ lé orí bíríkì. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò níí wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹni tó kọ́lé sójú ọ̀nà omi sí ìsàlẹ̀ òkè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti jinlẹ̀ tó.

Lórí ìwé, Bè-Kpota wà ní kọ́múnù Golfe 1, ọ̀kan lára àwọn kọ́múnù tí òfin 2017 dá sílẹ̀, tí wọ́n sì dìbò fún ìgbìmọ̀ wọn ní 30 oṣù kẹfà 2019. Lójú àwọn ìdílé, kántónù Bè ló wà, tí olóyè tó ń jẹ́ Aklassou jẹ́ olórí rẹ̀. Àṣẹ méjèèjì ń rìn pọ̀. Méyọ̀ ló ń bójú tó ìdọ̀tí àti gọ́tà; tó bá kan ta ló ni ilẹ̀ yìí rí, ilé àgbà ìdílé ni wọ́n ń lọ. Òfin ilẹ̀ tuntun tí Togo ṣe ní oṣù kẹfà 2018 fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ ní ìwé, àmọ́ ìwé kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti gba ipò. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ọ̀rọ̀ Faransé kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ gàdàgbà sára ògiri kiri Lomé: «Litige». Ó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ rà pé ilẹ̀ náà wà lẹ́nu ẹjọ́. Lẹ́yìn irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni a ti máa ń rí ọmọ ìdílé kan tó ta ilẹ̀ láìsọ fún ẹbí, àti ẹni tó ti fi owó ogún ọdún ra ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti rà ṣáájú rẹ̀.