Gẹdú Lórí Ọ̀sà: Ìrìn Ọlọ́jọ́ Púpọ̀ Títí Dé Èkó

Nínú pákó tí àwọn káfíńtà Ìsọlọ̀ fi ń kan òrùlé, èyí tó ti gba orí omi kọjá kí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé e wọ àdúgbò kò kéré, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń so gẹdú, ìyẹn ìtì igi tí a kò tíì là, pọ̀ bí ẹní, tí wọ́n sì ń wọ́ ọ láti agbègbè igbó Oǹdó gba ọ̀sà Lẹ́kìí àti Ẹ̀pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Èkó. Àwọn tó ń darí rẹ̀ kì í wá ibùdó kiri: orí gẹdú náà ni wọ́n pa àtíbàbà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Igi tó fúyẹ́ bí arère ni wọ́n fi ń gbé èyí tó wúwo ró, kí ó má baà rì.

Ibi tí wọ́n máa dé lóòjọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn nìkan. Ìṣàn ọ̀sà kò lágbára, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ bá ń dojú kọ wọ́n, wọ́n á so gẹdú mọ́ igi etí omi, wọ́n á sì dúró, torí ìgbì lè já okùn, kí èrè ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì fọ́n ká. Ọkọ̀ ojú omi onínjínnì dín ìdádúró yìí kù gan-an, àmọ́ láti 1984 ni èpò orí omi tó gba ọ̀nà Bàdágìrì wọlé ti ń dí ojú ọ̀nà ní àwọn àsìkò kan.