Bí Ọkàn Ṣe Ń Gbé Ara Yí Kí Á Lè Ríran Láti Ibi Tí Ẹlòmíràn Wà

Bí àlejò kan bá dé Ifẹ̀-Olúkòtún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí, tó dojú kọ onílé, tó sì béèrè ọ̀nà Ìsánlú, onílé náà a dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ bóyá ọ̀tún ni kó yà sí tàbí òsì. Kì í ṣe pé kò mọ̀nà. Ọ̀tún ẹni tó ń júwe ni òsì ẹni tó ń gbọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń yí èjìká díẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn.

Ní ọdún 2010, Klaus Kessler àti Lindsey Anne Thomson gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi àwòrán ẹnì kan tó jókòó sídìí tábìlì rìbìtì han àwọn ènìyàn, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tó wà ní ọ̀tún tàbí òsì ẹni náà. Bí ìjókòó rẹ̀ bá ṣe jìnnà sí apá ibi tí olùwòran wà tó ni ìdáhùn ń pẹ́ tó. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé bí ara olùwòran bá ti kọjú sí apá ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ, ìdáhùn a tètè yá. Bó bá kọjú sí òdìkejì, a falẹ̀. Ọkàn ló ń gbé ara lọ jókòó sí ipò ẹlòmíràn, bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lójú kan.

Ṣùgbọ́n láti mọ̀ bóyá àpáta bo ewúrẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lójú kò gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí nìkan là ń wò.

Piaget àti Inhelder ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún àwọn ọmọdé ní Siwitsaláńdì, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1948. Òkè mẹ́ta tí wọ́n mọ sórí tábìlì ni wọ́n lò. Ohun tí ojú ọmọ kékeré fúnra rẹ̀ rí ló sábà máa ń sọ pé ọmọláńgidi tó wà ní òdìkejì rí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lójú pópó. Ọmọ ẹ̀yìn awakọ̀ tó dúró níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń darí ọ̀gá rẹ̀ kọjá lórí afárá tóóró, gbọ́dọ̀ pe ọ̀tún awakọ̀, kì í ṣe ọ̀tún tirẹ̀. Bó bá ṣì í pè, táyà ti bọ́ sí kòtò nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń fi ọwọ́ júwe dípò ẹnu.